Ọgbà Ilé-Ìwé àti Ẹni tí Ó Ta Okùn Rẹ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbàlagbà tí ó ka ìwé ní ilé-ìwé ìjọ ní ilẹ̀ wa pé kí ni wọ́n rántí nípa ọgbà ilé-ìwé, ìdáhùn méjì ni yóò gbọ́. Àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín, wọn yóò sì sọ nípa ilá tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbìn, tí wọ́n ń lọ wò ní àràárọ̀ kí agogo tó lù. Àwọn mìíràn yóò fajú ro, nítorí pé ibi ìjìyà ni ọgbà jẹ́ fún wọn: ẹni tí ó pẹ́ dé, ẹni tí kò mọ àkọ́sórí, ẹni tí ó sọ èdè Yorùbá nínú kíláàsì, gbogbo wọn ni a ń lé lọ sí ìdí ọkọ́. Ilẹ̀ kan náà ni, ọkọ́ kan náà ni. Kí ni ó wá fa ìyàtọ̀? Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, èyí ni a fẹ́ bá yín wádìí nínú ìtàn. Ní èrò tiwa, nínú okùn tí a fi wọn ọgbà ni ìdáhùn rẹ̀ wà: ta ni ó ta á, olùkọ́ nìkan ni, tàbí àwọn ọmọ pẹ̀lú rẹ̀?

Kí ìwé tó dé, ọmọ Yorùbá ti ní ilẹ̀ tirẹ̀. Àwọn baba wa kì í fi ẹsẹ̀ bàtà wọn oko. Iye ebè ni wọ́n fi ń mọ ìwọ̀n rẹ̀, igba igba ni wọ́n sì ń kà á. Ní ojú àlà, pèrègún ni wọ́n ń gbìn, kí ẹnikẹ́ni má bàa jiyàn lọ́la. Ọmọkùnrin tí ó bá ti lè gbé ọkọ́ a máa bá baba rẹ̀ ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán. Nígbà tí oòrùn bá yí, a gbà á láyè láti lọ ro ebè díẹ̀ tí baba rẹ̀ ti yà sọ́tọ̀ fún un. Òun ni ó ń pinnu bóyá àgbàdo ni yóò ṣáájú tàbí ẹ̀wà, ohun tí ó bá sì kó níbẹ̀, tirẹ̀ ni. Bí iṣẹ́ bá ju agbára rẹ̀ lọ, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a dá àáró: a ro tèmi lónìí, a ro tìrẹ lọ́la. Kí ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò padà sí orí rẹ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman, ajíhìnrere ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Nígbà tí ó di oṣù kejìlá, ó ti dé Abẹ́òkúta, Ṣódẹkẹ́ sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ohun tí àwa olùkọ́ kì í sábà sọ fún àwọn ọmọ ni iṣẹ́ tí ọkùnrin yìí ń ṣe kí ó tó di ajíhìnrere. Olùtọ́jú ọgbà ni. A bí i ní 1809 ní Twyford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Adúláwọ̀ ni baba rẹ̀, òyìnbó ni ìyá rẹ̀. Ó sì di olórí àwọn tí ń tọ́jú ọgbà fún ọlọ́lá kan ní ẹ̀bá Ipswich. Ó mọ ewéko tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń kọ̀wé sí àwọn onímọ̀ ní ọgbà ńlá ti Kew. Ní nǹkan bí 1850, ó dá oko àwòṣe kan sílẹ̀ ní Beulah, lẹ́bàá Cape Coast ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí, kí àwọn ènìyàn lè rí bí a ti ń gbin kọfí àti àwọn ohun ọ̀gbìn mìíràn tí a lè tà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ná owó ju èyí tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní London fọwọ́ sí lọ, ní 1857 ó sì fi ipò rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀ràn ọgbà àti owó kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lónìí.

Ní ọdún 1842 tí Freeman dé yìí gan-an, kò sí ààyè fún ọgbà ní ilẹ̀ Àwórì. Ní ọdún yẹn ni ogun Ẹ̀gbá ṣẹ́ Ọ̀tà. Ogun náà sì lọ dó ti Adó, èyí tí a ń pè ní Adó-Odò, wọn kò sì tú ibùdó náà ká títí ó fi di 1853. Ẹni tí ó bá mọ ogun mọ̀ pé oko ni ó ń kọ́kọ́ kú. Nígbà tí CMS rán James White, ọmọ Sàró, wá sí Ọ̀tà ní àárín àwọn ọdún 1850, ìlú tí ń tún oko rẹ̀ ro ni ó bá. Ẹ fojú inú wo irú ìlú bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì bi ara yín léèrè ìdí rẹ̀ tí òbí yóò fi lọ́ra láti yọ̀ǹda ọmọ fún ilé-ìwé. Ọwọ́ ọmọ wà lára ọwọ́ tí ń ro oko. Káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ni àwọn ajíhìnrere ìgbà náà ti ráhùn nípa ọ̀ràn yìí, àwọn òbí kan sì rò pé olùkọ́ ni ó yẹ kí ó san owó fún àwọn nítorí ọmọ tí ó gbà lọ́wọ́ wọn. A kò gbọdọ̀ fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Wọ́n mọ ìṣirò tiwọn.

Àwọn ọ̀gá míṣọ́n ní ìlú òyìnbó náà ní ìṣirò tiwọn. Ní 1840 ni Thomas Fowell Buxton tẹ ìwé kan jáde, nínú èyí tí ó ti ní Bíbélì àti iṣẹ́ àgbẹ̀ ni yóò jùmọ̀ pa òwò ẹrú run. Henry Venn, akọ̀wé CMS, gbà á gbọ́. Òun àti Thomas Clegg, oníṣòwò òwú ní Manchester, ni wọ́n fi àwọn ẹ̀rọ tí ń gbọn òwú ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta, tí wọ́n sì mú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wa lọ sí Manchester láti kọ́ bí a ti ń tọ́jú òwú. Iṣẹ́ rere ni, a kò sì lè kó o dànù. Síbẹ̀, ẹ kíyèsí i pé ohun tí ilé-iṣẹ́ Manchester ń fẹ́ ni ó pinnu ohun tí a óò gbìn. Àwọn àlùfáà Àgùdà náà ṣe tiwọn: ní 1876 ni ẹgbẹ́ SMA dá oko Tòpó sílẹ̀ lẹ́bàá Àgbádárìgì, níbi tí àwọn ọmọ aláìlóbìí àti àwọn tí a rà padà kúrò lóko ẹrú ti ń gbin àgbọn. Nínú gbogbo èyí, a kò rí ibi kan tí a ti bi ọmọ léèrè pé, Ìwọ, kí ni ìwọ yóò gbìn, níbo ni ìwọ yóò sì gbìn ín sí?

Ọdún 1887 yẹ fún àkíyèsí. Ní ọdún náà ni Gómìnà Alfred Moloney dá ọgbà ewéko ìjọba sílẹ̀ ní Ẹ̀búté-Mẹ́tta, tí a ti ń pín ọmọ igi fún àwọn àgbẹ̀. Ní ọdún náà gan-an ni òfin ẹ̀kọ́ ti Èkó jáde, èyí tí ó mú kí owó ìrànlọ́wọ́ fún ilé-ìwé ìjọ dúró lórí bí àwọn ọmọ bá ti ṣe nínú ìdánwò. Ìwé kíkà, ìwé kíkọ àti ìṣirò ni olórí ohun tí a ń dán wọn wò. Ìjọba fi ọwọ́ kan gbin igi, ó fi ọwọ́ kejì san owó fún àkọ́sórí. Kí ni olùkọ́ tí owó oṣù rẹ̀ rọ̀ mọ́ ìdánwò yóò ṣe? Bí ọgbà bá wà ní ilé-ìwé rẹ̀, yóò ran àwọn ọmọ tí kò mọ̀wé lọ síbẹ̀, yóò sì jókòó ti àwọn tí yóò yege. Báyìí ni ọgbà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í di ibùgbé àwọn olódo.

Ẹ jẹ́ kí a yà díẹ̀ sí Agége, tí kò jìnnà sí Ọ̀tà, nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ń tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀ràn wa. J. P. L. Davies, ọkọ̀ojú-omi ni iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í gbin kòkó ní Ìjan ní agbègbè Agége ní àwọn ọdún 1880. Lẹ́yìn rẹ̀ ni J. K. Coker ti Ìfákò, ọ̀kan nínú àwọn òpó ìjọ Áfíríkà tí ó yapa ní 1901. Ní 1907 ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì dá ẹgbẹ́ àwọn olóko Agége sílẹ̀. Láti inú ilẹ̀ Yorùbá lọ́hùn-ún ni àwọn alágbàṣe ti ń wá síbẹ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n wo bí a ti ń tò ó, wọ́n mọ bí igi kan ti ń jìnnà sí èkejì, wọ́n sì mú èso kòkó lọ sílé lọ́wọ́ kan, ìhìnrere lọ́wọ́ kejì. Kò sí ẹni tí ó lé wọn lọ sí ìdí kòkó bí ẹni lé ọmọ tí ó pẹ́ dé. Oko tiwọn ni wọ́n ń fi ojú inú rí nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní oko ẹlòmíràn.

Ní 1920 ni ìgbìmọ̀ kan ti Phelps-Stokes ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá yẹ ilé-ìwé wò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Thomas Jesse Jones ni olórí wọn, adúláwọ̀ kan ṣoṣo tí ó wà láàárín wọn sì ni James Aggrey, ọmọ Gold Coast. Nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní 1922, wọ́n ní ẹ̀kọ́ wa ti jẹ́ ti ìwé jù, kò sì bá ìgbé ayé àwọn ará oko mu. Kí gbogbo ilé-ìwé máa kọ́ni ní iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ìmọ́tótó. Ìjọba London gbé irú èrò bẹ́ẹ̀ jáde ní 1925, òfin ẹ̀kọ́ tuntun sì dé ní Nàìjíríà ní 1926. Tuskegee, ilé-ẹ̀kọ́ tí Booker T. Washington dá sílẹ̀ ní Alabama ní 1881, ni àwọn wọ̀nyí fi ń ṣe àpẹẹrẹ. Níbẹ̀ ni George Washington Carver ti kọ ìwé kékeré kan ní 1910 fún àwọn olùkọ́ ilé-ìwé oko, lórí ọgbà ṣíṣe àti wíwo ohun ẹ̀dá. Níbẹ̀ náà ni àwọn ọkùnrin mẹ́rin ti lọ sí Tógò ní nǹkan bí 1901, láti kọ́ àwọn ará ibẹ̀ ní òwú gbígbìn fún ìjọba Jámánì. Nígbà tí ó yá, ìjọba náà ń fi agbára kó àwọn ọ̀dọ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ òwú ní Notsé. Kí àwọn tí ń yin Tuskegee rántí ìhà méjèèjì.

Báwo ni àwọn òbí wa ṣe gba ẹ̀kọ́ tuntun yìí? Púpọ̀ nínú wọn kò gbà á rárá. Ọ̀rọ̀ wọn kò gùn: Ọkọ́ wà nílé, bí ó bá jẹ́ ọkọ́ ni mo fẹ́ kí ọmọ mi mọ̀, èmi kì bá tí san owó ilé-ìwé. A ti gbọ́ kí àwọn kan pe èyí ní ọ̀lẹ tàbí ìgbéraga. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn òbí rí i pé akọ̀wé ń gba owó oṣù, wọ́n sì rí ohun tí àgbẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ àwọn tí ń ra kòkó. Philip Foster, tí ó wádìí ọ̀ràn yìí ní Gánà, kọ ìwé ní 1965 tí ó fi hàn pé ẹ̀kọ́ ìwé gan-an ni ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ní ojú àwọn òbí, nítorí òun ni ó ń mú iṣẹ́ tí ó lówó lórí wá. Ìfura mìíràn sì tún wà níbẹ̀: bóyá wọ́n fẹ́ kí ọmọ adúláwọ̀ dúró sí ìdí ọkọ́ kí ọmọ òyìnbó lè dúró sí ìdí tábìlì. Ìfura náà kò ṣàìní ìdí.

Ohun tí ó bani nínú jẹ́ ni pé nínú ìjà yìí, a gbàgbé ọgbà ti ọmọ fúnra rẹ̀. Ní ilẹ̀ Jámánì, Friedrich Froebel ti dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ kékeré, ó sì fún un ní orúkọ ní 1840: ọgbà àwọn ọmọdé. Kì í ṣe òwe lásán ni orúkọ náà. Nínú ètò tirẹ̀, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní bẹ́ẹ̀dì kékeré tí ó lè gbin ohun tí ó wù ú sí, kódà kí ó bà á jẹ́ bí kò bá fara balẹ̀. Àwọn bẹ́ẹ̀dì àpapọ̀ sì yí gbogbo rẹ̀ ká, tí gbogbo wọn jùmọ̀ ń tọ́jú. Ẹ̀yin òǹkàwé, ṣé ẹ kò rí i? Ebè díẹ̀ ti ọmọ Yorùbá ní ìrọ̀lẹ́ nìyẹn, oko baba sì ni bẹ́ẹ̀dì àpapọ̀. A lọ sí Alabama láti wá ohun tí ó wà ní ẹ̀yìnkùlé wa, a kò sì mú un bọ̀.

Ọgbà tí àwọn ilé-ìwé ìjọ wá ní, méjì ni. Ọ̀kan wà níwájú: òdòdó, igi ẹlẹ́wé aláràbarà, ọ̀nà tí a fi òkúta funfun là, tí a ń kùn ní ẹfun nígbà tí alábẹ̀wò bá ń bọ̀. Èkejì wà lẹ́yìn: ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti iṣu. Wole Soyinka, nínú ìwé tí ó kọ ní 1981 nípa ìgbà èwe rẹ̀ ní Aké, ti sọ bí baba rẹ̀, tí ó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé St. Peter, ti fẹ́ràn òdòdó tó. Ọgbà iwájú ni ojú ilé-ìwé, a kò sì bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Púpọ̀ nínú wa ni ó kọ́ bí a ti ń la ọ̀nà kí ó gún níbẹ̀. Ọgbà ẹ̀yìn ni ẹjọ́ pọ̀ sí. A mọ ilé-ìwé kan, a kò ní dárúkọ rẹ̀, tí àwọn ọmọ ti gbin àgbàdo láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò, tí wọ́n sì rí i nígbà tí ó gbó pé agbọ̀n agbọ̀n ni a ń gbé e lọ sí ilé àwọn olùkọ́. Ní ọdún kejì, ìdajì irúgbìn tí a fi lé wọn lọ́wọ́ ni wọ́n dì sábẹ́ òkúta kan. Wọn kò jẹ ẹ́, wọn kò tà á. Wọn kò ṣáà gbìn ín.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 mú àwọn ọmọ tí ó ju 800,000 lọ wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ọgbà wà tẹ́lẹ̀ di ibi tí a kọ́ kíláàsì sí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1976, ìjọba Ọ̀gágun Ọbásanjọ́ kéde ètò pé kí gbogbo ènìyàn gbin oúnjẹ fún orílẹ̀-èdè, ọkọ́ sì tún padà sí ilé-ìwé fún sáà díẹ̀. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ di olóko ní Ọ̀tà lẹ́yìn tí ó fi ipò sílẹ̀ ní 1979. Ṣùgbọ́n àṣẹ láti òkè ni ètò náà. Nígbà tí àṣẹ rọ̀, koríko bo ọgbà.

Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn náà ni Ọ̀tà ń yí padà. Àwọn ilé-iṣẹ́ ń wọ Sàngó àti Ọ̀tà, wọ́n ń wọ Agbára, àwọn òṣìṣẹ́ ń tẹ̀ lé wọn láti Èkó àti láti ibi gbogbo. Ní 1989 ni a dá ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò àti Ọ̀tà sílẹ̀. Nígbà tí a ka àwọn ènìyàn ní 2006, wọ́n lé ní 520,000 níbẹ̀. Oko Àwórì di ilé, ó di ilé-iṣẹ́, ó di ibùdókọ̀. Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ àwọn òbí àtijọ́ ti dojú kọ ẹ̀yìn. Wọ́n ní ọkọ́ wà nílé. Ní Sàngó lónìí, ọkọ́ kò sí nílé. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ń gbé yàrá kan nínú ilé onílé púpọ̀, tí sìmẹ́ńtì bo gbogbo àgbàlá rẹ̀. Wọ́n mọ ewédú nínú abọ́, wọn kò mọ̀ ọ́n lórí igi. Ilẹ̀ ẹyọ kan ṣoṣo tí ọmọ bẹ́ẹ̀ lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí ó sì pè ní tirẹ̀ ni ti ilé-ìwé.

Nítorí náà ni a ṣe ń bẹ ẹ̀yin olùkọ́ pé kí ẹ fi okùn lé àwọn ọmọ lọ́wọ́. Ìwé tí àjọ FAO ti àgbáyé tẹ̀ ní 2005 lórí ọgbà ilé-ìwé náà fẹ́ kí àwọn ọmọ ní ọwọ́ nínú ètò rẹ̀, iṣẹ́ náà kò sì le. Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, kí ọkọ́ má kan ilẹ̀. Kí àwọn ọmọ jáde ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán àti ní ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n sàmì sí ibi tí òjìji ilé dé. Lẹ́yìn òjò, kí wọ́n wo ibi tí omi ń gbà, nítorí bẹ́ẹ̀dì gbọ́dọ̀ dábùú ọ̀nà omi kí erùpẹ̀ má bàa ṣàn lọ. Kí wọ́n bèèrè ohun tí ó ti wà lórí ilẹ̀ náà rí. Ibi tí àwọn mẹkáníìkì ti da òróró ọkọ̀ sí, a kò gbọdọ̀ gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀, àpò tí a kó erùpẹ̀ mímọ́ sí ni kí a lò.

Lẹ́yìn náà, ìṣirò. Ẹ ta kókó mẹ́tàlá sórí okùn gígùn, kí àlàfo méjìlá tí ó dọ́gba wà láàárín wọn, kí ẹ so kókó ìkẹyìn mọ́ ti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ mẹ́ta bá fà á kí ìhà kan jẹ́ àlàfo mẹ́ta, èkejì mẹ́rin, ẹ̀kẹta márùn-ún, igun tí ó gún régé ni yóò fún yín, bí a tilẹ̀ wà nínú igbó. Lórí ìwé onígun mẹ́rin, kí àpótí kọ̀ọ̀kan dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan. Ìbú bẹ́ẹ̀dì kò gbọdọ̀ ju ohun tí ọwọ́ ọmọ lè kàn láàárín láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin fún àwọn àgbà, mẹ́ta fún àwọn kékeré. Ẹ jẹ́ kí wọ́n na ọwọ́ fúnra wọn kí wọ́n tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ilá kan sí èkejì, ẹsẹ̀ bàtà méjì. Èso ewédú, ẹ bu omi gbígbóná sí i fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí ẹ tó gbìn ín, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò pẹ́ kí ó tó hù. Ìyá àgbà tí ń ta ẹ̀fọ́ lọ́jà mọ̀ ọ́n ju àwa olùkọ́ lọ, kí àwọn ọmọ lọ bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìṣirò kan kù tí a sábà máa ń gbàgbé, ti ọ̀sẹ̀. Nígbà kan, oṣù kìn-ín-ní ni ọdún ilé-ìwé ń bẹ̀rẹ̀, ọmọ lè gbìn kí ó sì kórè nínú kíláàsì kan náà. Nísinsìnyí, oṣù kẹsàn-án ni, ìsinmi gígùn sì wà nínú oṣù kẹjọ. Tẹ̀tẹ̀ tó í jẹ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ewédú ní bí mẹ́fà, àgbàdo fẹ́ tó oṣù mẹ́ta. Ohun tí a bá gbìn nígbà òjò àkọ́rọ̀ ni a lè kó kí ilé-ìwé tó parí. Bí wọ́n bá gbin ìbẹ́pẹ tàbí ata, kí àwọn ọmọ tí ilé wọn kò jìnnà kọ orúkọ ara wọn sí ìsàlẹ̀ àwòrán náà, pẹ̀lú ọjọ́ tí oníkálukú yóò wá bomi rin ín. Ní ìsàlẹ̀ náà ni kí wọ́n kọ ẹni tí yóò jẹ ìkórè sí, kí ọ̀gá ilé-ìwé sì fọwọ́ sí i kí irúgbìn kankan tó wọ ilẹ̀.

Fún èèkàn, ẹ gé pèrègún. Igi gbígbẹ yóò jẹrà kí ọdún tó yí po, ṣùgbọ́n pèrègún tí a rì mọ́lẹ̀ nígbà òjò yóò ta gbòǹgbò, yóò hu ewé, àwọn ọmọ tí ń bọ̀ lẹ́yìn yóò sì rí ibi tí àwọn aṣáájú wọn ta okùn sí.